Àpò Mẹ́jọ Lórí Mùs'áb

Àtàlátà, 14 Oṣù Kẹwàá

Owó tó wà lọ́wọ́ láàárọ̀ àná, tí mo fẹ́ fi ra ìrẹsì sí ṣọ́ọ̀bù: 186,400 sẹ́fà.

Takisí lọ sí Owendo (awakọ̀ ti gbọ́ nípa iná, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì): 3,000
Takisí láti Owendo dé ilé ìwòsàn: 2,500
Omi ìgò: 1,200
Káàdì ilé ìwòsàn: 10,000
Gọ́ọ̀sì, bándéèjì, ìbọ̀wọ́: 14,300
Omi dírípù, ìgò mẹ́rin: 9,600
Pàràsítámọ̀ olómi, ìgò méjì: 3,500
Búrẹ́dì: 500

Àpapọ̀: 44,600. Ó kù: 141,800.

Mùs'áb, àbúrò mi, wà láàyè. Ó yẹ kí n ti kọ ìyẹn ṣáájú owó.

Ilé ìkẹ́rù kan ní èbúté Owendo, níbí ní Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí wọ́n ń kó ṣílíńdà gáàsì pamọ́ sí, ló bú gbàmù lánàá. Ilé ìkẹ́rù tó kàn án ni àbúrò mi wà, ó ń já ìrẹsì nínú ọkọ̀. Rédíò ní àwọn tó farapa lé ní ọgọ́ta. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Èèyàn ní láti wá ibi tó máa fi ẹsẹ̀ lé kó tó lè kọjá.

Dókítà kan ló ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́ bí wọ́n ṣe ń kó wọn dé. Pupa ni ti ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ rárá. Yẹ́lò ni ti ẹni tó lè ní sùúrù díẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Mi ò béèrè ìtumọ̀ dúdú. Alhaji Buraimoh tó ń ta báàgì ní ọjà Mont-Bouët, tí ògiri wó lù lẹ́sẹ̀ níbi tó ti lọ gba ẹrù rẹ̀, sọ fún mi pé inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n kó òun àti Mùs'áb. Ó ní bí ọkọ̀ ṣe dúró ni Mùs'áb fò sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tẹrí ba fún dókítà, ó ní bọ́ńjúù, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tó kù. Ni wọ́n bá so aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n ní kó lọ jókòó síta.

Orí bẹ́ǹṣì kan níta ni mo bá a nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsárì. Ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Apá rẹ̀ méjèèjì ti ṣí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná rà. Ó rí mi tí mò ń sáré bọ̀.

Ó ní, "Àǹtí Mùjí, ẹ rọra o. Ilẹ̀ yẹn ń yọ̀."


Àlàrùbá, 15 Oṣù Kẹwàá

Òjò láti ìdájí. Ìnáwó òní: 27,350. Ó kù: 114,450.

Wọ́n ti tú ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé kúrò lọ́wọ́ Mùs'áb, wọ́n so yẹ́lò. Wọ́n gbé e wọ inú yàrá. Aláìsàn mẹ́ta ló ń sọ Yorùbá níbẹ̀: Mùs'áb, Alhaji Buraimoh, àti Adéyẹmọ, ará Kétu, tí òun àti Mùs'áb jọ ń já ẹrù. Ẹsẹ̀ Adéyẹmọ méjèèjì ló jóná títí dé itan. Ìyàwó rẹ̀ Faridah, tí a ń pè ní Ìyá Bushrah, tẹ́ ẹní sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A pín igun ògiri.

Eugénie ni orúkọ nọ́ọ̀sì wa. Ó ga, kì í pariwo, ọmọ ìlú yìí ni. Ó mú páálí kan lọ́wọ́ tí wọ́n fa ìlà sí láti odo dé mẹ́wàá. Odo ni pé kò dun èèyàn rárá, mẹ́wàá ni pé ó ti kọjá ohun tí ara lè gbà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa nítorí Faransé Mùs'áb kò ju ti èbúté lọ. Ẹni tó bá wí dé mẹ́ta, pàràsítámọ̀. Mẹ́rin sí mẹ́fà, abẹ́rẹ́ tìrámádọ̀. Méje sókè, mọ́fíìnì, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì ló wà. Ó ní èèyàn pọ̀, oògùn kò pọ̀, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó kàn.

Mo bi Mùs'áb pé, "Báwo ni ara?"

"A dúpẹ́. Ó ti ń rọlẹ̀."

"Nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́."

Ó wo òrùlé. "Ẹ ní mẹ́ta."

Alhaji ní, "Alhamdulillahi, mẹ́ta ni tèmi náà."

Adéyẹmọ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ wí mẹ́ta, kí èmi wá wí mẹ́rin? Ẹ kọ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́."

Mùs'áb rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì fún un ní ikọ́. Nígbà tó balẹ̀ ó ní, "Àǹtí Mùjí, èèyàn mẹ́ta lẹ túmọ̀ fún yẹn o. Ẹ ò ní gbowó ògbufọ̀?"

Mẹ́ta wọ̀ mí létí. Ìgò pàràsítámọ̀ kan, 1,750. Tó bá jẹ́ mẹ́rin ni, ampúùlù kan, ìgò kékeré tí abẹ́rẹ́ tìrámádọ̀ wà nínú rẹ̀, jẹ́ 2,400 ní fámásì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, 7,200. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní káàdì tó ń bá wọn gbé apá kan nínú owó oògùn. Àwa kò ní.

Màámi pè láti Ìgbòho. "Ara Mùs'áb ńkọ́?" Mo ní, "A dúpẹ́, Màámi. Ó ti ń sàn."


Àlàmísì, 16 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n pààrọ̀ bándéèjì lónìí. Mi ò lè kọ ọ́.


Jímọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Ìnáwó àná àti òní: 31,200. Ó kù: 83,250. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní títì. Ẹni tí a jọ ń ta ìrẹsì ní àdúgbò Derrière la Prison ti fi igba sẹ́fà lé owó ìrẹsì rẹ̀, wọ́n ṣì ń rà á.

Wọ́n tún pààrọ̀ bándéèjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ wàyí. Wọ́n máa ń fi omi rẹ gọ́ọ̀sì kó tó ṣí, bó ṣe ń ṣí ló ń bá awọ wá. Awakọ̀ ọmọ Gàbọ́ọ̀nù kan ló kọ́kọ́ kàn. Ó pe ìyá rẹ̀, ó pe ìyá ìyá rẹ̀, ó bú dókítà. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n dúró títí ojú rẹ̀ fi rọ̀, kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Alhaji Buraimoh fi ojú wo ògiri. "Ọkùnrin wo ló ń ké báyìí? Àbí ó ń rọbí ni?"

Mùs'áb ní, "Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, Alhaji. Ohùn rẹ̀ dáa. Ká ní ó mọ ìrun ni, à bá fi ṣe ládánì."

Nígbà tó kan Mùs'áb, ó ní kí n fún òun ní ìborùn mi. Ó ká a, ó fi há ẹnu. Kò ké. Omi ń ṣàn ní ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò ké. Nígbà tí wọ́n parí, mo tú ìborùn wò. Eyín ti dá a lu ní ibi mẹ́rin. 4,500 ni mo rà á ní Iléyá tó kọjá.

Eugénie gba ìborùn yẹn lọ́wọ́ mi, ó na án sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó fi ìka sí ọrùn Mùs'áb, ó wo aago rẹ̀. Ó ní kí n bi í ní nọ́ńbà.

Mo bi í. Ó ní mẹ́ta.

Eugénie ní, "Màmá, èmi ti rí nǹkan kan nípa yín. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mẹ́ta ni. Láàárọ̀ mẹ́ta, lálẹ́ mẹ́ta. Ọkàn èyí ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, mẹ́ta ló ṣì ń wí. Ta ló kọ́ yín ní mẹ́ta?"

Mo sọ fún un pé tí wọ́n bá béèrè ara lọ́wọ́ aláìsàn lọ́dọ̀ wa, kì í ní kò dáa. Tó bá ní kò dáa, bí ẹni pé ó ń bá Ọlọ́run jà ni, ó sì ti da jìnnìjìnnì bo ẹni tó wá kí i. A dúpẹ́ ló máa wí. Kódà tó bá ń kú lọ, a dúpẹ́ náà ni.

Ó gbọ́ mi tán. Kò bínú. Ó ní, "Mi ò wá kí i o. Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn."

Mo jókòó, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ tún un bi, nítorí bí mo bá ṣe bi í, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dáhùn. Mo wá rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ní èbúté, tí wọ́n bá di àpò lé aláàárù lórí, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ iye tó lè rù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọrùn rẹ̀ á kán.

Mo ní, "Mùs'áb, fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ká ní àpò ìrẹsì ni nǹkan tó wà lára rẹ yìí, àpò mélòó ni wọ́n dì lé ọ lórí?"

Ó yí ojú sí mi.

"Mẹ́jọ, Àǹtí mi. Àpò mẹ́jọ ni. Mo sì ti ń rù ú láti ọjọ́ Àtìní, kò sí ẹni tó wá bá mi sọ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Eugénie fa ìlà sí mẹ́ta nínú ìwé rẹ̀, ó kọ mẹ́jọ.

Mo yí sí Adéyẹmọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ mẹ́sàn-án. Mo ṣáà jù ú lọ." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Faridah kó ojú sínú ìborùn rẹ̀.

Alhaji ní kí n jáde ná. Mo jáde, mo sì rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó na ìka méje sí Eugénie lábẹ́ aṣọ ìbora.

Eugénie mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mọ́fíìnì tí wọ́n pín fún yàrá wa ti tán láàárọ̀ òní. Òmíràn ò ní dé títí di Àtìní. Ó dúró láàárín bẹ́ẹ̀dì Mùs'áb àti ti Adéyẹmọ, ó ní kí n sọ fún wọn pé òun tọrọ àforíjì, òun ì bá ti béèrè lọ́nà mìíràn láti ọjọ́ kìíní. Mo sọ fún wọn.

Adéyẹmọ ní, "Ẹ ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu. A dúpẹ́." Àṣà náà ló tún bọ́ sí i lẹ́nu.

Eugénie fún wa ní ìwé oògùn, kí a máa wá tìrámádọ̀ níta títí di Àtìní.


Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Takisí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà: 3,500. Tìrámádọ̀, ampúùlù mẹ́ta: 7,200. Ó kù: 72,550.

Gbogbo ìdílé tó ní èèyàn nínú iná yẹn ló ń wá nǹkan kan náà. Mo lọ sí fámásì mẹ́rin lásán. Ní Plaine Orety, obìnrin tó wà ní káńtà rí ìwé lọ́wọ́ mi, ó ti ń mi orí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ìkarùn-ún ni mo ti rí mẹ́ta, wọ́n ní ó tán síbẹ̀.

Níta fámásì náà, ọkùnrin kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní páálí kan lábẹ́ aṣọ òjò, ó ń ta ampúùlù kan ní 6,000. Mo ná an dé 4,500. Mo wo ẹ̀yìn páálí, wọ́n ti ha ibi tí déètì wà. Mi ò rà á. Bí mo ṣe ń lọ, ó pariwo tẹ̀lé mi pé, "Màmá Nàìjíríà, ṣé owó lẹ máa fi bo ojú ọgbẹ́ ni?" Àwọn tó dúró síbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì ń rò ó bóyá nítorí déètì ni mi ò fi rà á.

Mo fún Mùs'áb ní ọ̀kan. Ó wá sí àpò márùn-ún, ó ní ìyẹn kò burú, òun ti ru márùn-ún rí.

Ìyá Bushrah rí ampúùlù méjì rà níbòmíràn.


Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Òjò ńlá. Omi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n fi pákó ṣe afárá.

Ampúùlù Mùs'áb kẹta tán ní Àsùbáà. Kí wọ́n tó pín tíì ni àpò mẹ́jọ ti padà sórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀. Ó pe bàbá wa tó ti kú. Ó ní kí n mú ọ̀bẹ wá kí n gé apá náà kúrò, ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń sọ pé kí n bá òun yí ìrọ̀rí.

Adéyẹmọ ń sùn. Ampúùlù kan ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ Ìyá Bushrah, ó wé e sínú ìdí aṣọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo jù ú lọ dáadáa, mo kúnlẹ̀.

Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Ìyá Sheriff, ẹ dìde. Kí nìyẹn?"

"Ọ̀kan yẹn. Màá dá a padà kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Kí Bàbá Bushrah tó jí."

Ó wo ọkọ rẹ̀ pẹ́. Ó wo Mùs'áb. "Tó bá jí ńkọ́?"

"Màá ti dé."

Ó tú ìdí aṣọ. Ó ní, "Oògùn ni mo yá yín o, Ìyá Sheriff. Kì í ṣe owó. Oògùn ni kí ẹ mú bọ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Eugénie gún un fún Mùs'áb. Mo bọ́ sínú òjò.

Ọjọ́ Àìkú, fámásì tó wà lójú iṣẹ́ kò pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ kò ní. Èkejì ní kí n padà wá lọ́la. Mo lọ síbi tí ọkùnrin aláṣọ òjò wà lánàá, pẹ̀lú 6,000 lọ́wọ́, mo ti pinnu pé mi ò tilẹ̀ ní ná an. Kò sí níbẹ̀. Takisí kò fẹ́ wọ inú omi, mo fi ẹsẹ̀ rìn apá kan. Takisí tó gbà: 4,000. Ó kù: 68,550.

Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti gbọ́ Adéyẹmọ.

Mi ò mọ̀ pé òun ni. Mo kọ́kọ́ rò pé awakọ̀ yẹn ni. Nígbà tí mo wọlé, Eugénie jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀, ó ti fún un ní pàràsítámọ̀, ó ń mí pẹ̀lú rẹ̀ kí ó lè máa mí. Kò sí ohun mìíràn. Ìyá Bushrah dúró síbi fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá. Mo na ọwọ́ mi tó ṣófo hàn án. Kò yíjú.

Alhaji Buraimoh ń ka ẹsẹ Kùránì kan léraléra. Nígbà tó yá ó dákẹ́, òun náà ń sunkún.

Mùs'áb jí. "Ta ló ń ké yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Adéyẹmọ ni. Ẹ fún un ní tèmi."

Tirẹ̀ ti wà nínú ara rẹ̀. Tirẹ̀ kọ́ ni.


Àtìní, 20 Oṣù Kẹwàá

Adéyẹmọ kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mọ́fíìnì dé ní aago mẹ́wàá.


Àtàlátà, 21 Oṣù Kẹwàá

Àwọn ará Kétu wá gbé òkú lọ. Ìyá Bushrah ká ẹní rẹ̀, ó gba ilẹ̀ ibi tó sùn sí kí ó tó lọ. Ó kí gbogbo yàrá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ọlọ́run á bá wa ṣe é fún Mùs'áb." Ohun tó wí nìyẹn. Ó yẹ kí n ti sọ nǹkan kan. Mo ní àmín.

Dókítà pè mí síta. Kíndìnrín Mùs'áb ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Iná yẹn gba ìdajì ara rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó pẹ́ kí wọ́n tó fún un ní omi tó tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tó jókòó síta pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ewé. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò fi pamọ́. Mo bi í pé èló ni ìtọ́jú tó kù máa jẹ́. Ó ní ìtọ́jú tó kù ni pé kó má jẹ ìrora.

Omi dírípù: 4,800. Gọ́ọ̀sì: 6,200. Mọ́fíìnì: odo. Ilé ìwòsàn kì í gba owó rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Odo ni. Ohun kan ṣoṣo tó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo èyí, wọn ò ta á.

Láti ọjọ́ kìíní ni nọ́ńbà méje ì bá ti gbà á fún un lọ́fẹ̀ẹ́.


Àlàrùbá, 22 Oṣù Kẹwàá

Ìnáwó láti Àtìní títí di òní, pẹ̀lú àyẹ̀wò kíndìnrín: 56,650. Ó kù: 11,900.

Mùs'áb sùn, ó la ẹnu sílẹ̀ bó ṣe máa ń sùn ní kékeré. Nígbà tó jí, ojú rẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Àpò mélòó?"

"Méjì. Àpò òwú ni, kì í ṣe ìrẹsì." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ẹ ti di akọ̀wé èbúté."

Ó béèrè bóyá wọ́n ti ṣí ilé ìkẹ́rù. Ó ní ọ̀gá jẹ òun ní owó ọjọ́ mẹ́fà, 36,000, kí n má gbàgbé láti lọ gbà á, kí n mú ẹlẹ́rìí dání nítorí ọ̀gá lè ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Ó sọ̀rọ̀ kànga ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgbòho. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí lẹ sọ fún Màámi?"

"Mo ní o ti ń sàn."

"Ẹ ṣeun."

Ó tún sùn. Kí ó tó sùn ó béèrè pé Adéyẹmọ ńkọ́, ara rẹ̀ ńkọ́.

Mo ní, "A dúpẹ́."


Àlàmísì, 23 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn Àsárì. Eugénie kọ odo sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa ojú Mùs'áb dé.


Jímọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá

A sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Òjò dá fún wa. Gbogbo owó aṣọ funfun, ọkọ̀, àti àwọn tó gbẹ́ sàréè: 35,600.

Ilé ìwòsàn kọ́kọ́ kọ̀ láti gbé òkú sílẹ̀ nítorí owó tó kù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa Yorùbá níbí fọwọ́ sí ìwé fún wọn. Alhaji Buraimoh, láti orí bẹ́ẹ̀dì, ní kí wọ́n lọ gba 20,000 lọ́dọ̀ ọmọ òun kí wọ́n fi kún ti ẹgbẹ́. Àpò rẹ̀ ti wá sí mẹ́rin. Kì í fi pamọ́ mọ́. Ó ń kígbe mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ bá dùn ún, ó ń bú wọn ní Yorùbá, wọ́n sì ń fún un ní abẹ́rẹ́.

Màámi pè. Wọ́n ti sọ fún un. Ó sunkún títí owó káàdì rẹ̀ fi fẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mùjídátù, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó jẹ ìrora?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Mẹ́ta ni."

Kò yé e. Ó ní, "A dúpẹ́."


Àtàlátà, 28 Oṣù Kẹwàá

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ta 9,150. Mo gbàgbé láti fi igba lé owó ìrẹsì.

Mo lọ sí Owendo pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ọ̀gá ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Mo gba 24,000. Mi ò lágbára ìjà. Mo fi ránṣẹ́ sí Màámi.


Àtàlátà, 4 Oṣù Kọkànlá

Gbogbo owó ilé ìwòsàn: 338,000. Ẹgbẹ́ san 200,000. Èsúsú mi tí mo fẹ́ fi ra firisa kàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 180,000. Mo yọ 138,000 nínú rẹ̀ fún ilé ìwòsàn, mo yọ 35,600 fún àwọn tí mo yá owó ìsìnkú lọ́wọ́ wọn. Ó kù 6,400. Wọ́n fún mi ní ìwé pé n kò jẹ wọ́n mọ́.

Lẹ́yìn tí mo gba ìwé yẹn, mo gba fámásì Plaine Orety kọjá. Mo wọlé. Obìnrin ọjọ́sí ló wà ní káńtà. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí pákó kejì, páálí tìrámádọ̀ tò gẹ̀rẹ̀gẹ̀, mo ka méjìlá. 2,400 ni ampúùlù kan, kò lé, kò dín. Mo ní kó fún mi ní ampúùlù kan.

"Ìwé dókítà dà?"

Mo fún un ní ìwé tí Eugénie kọ. Ó kà á. "Èyí ti pẹ́, Màmá. Aláìsàn náà ńkọ́?"

Mo ní ó ti kú.

"Tí ẹlòmíràn bá wà tó nílò rẹ̀, kí òun náà lọ gba ìwé."

Mo ní òun náà ti kú.

Ó wò mí, ó dá ìwé mi padà.

Mo mú 2,400 lọ́wọ́ lọ sí ilé Ìyá Bushrah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sọ pé kì í ṣe owó. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Aládùúgbò ní ó ti kó Bushrah, wọ́n ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Cotonou lọ́jọ́ Jímọ̀, láti ibẹ̀ sí Kétu. Kò fi nọ́ńbà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo béèrè bóyá ó ń bọ̀. Ó ní, "Kí ló fẹ́ wá ṣe níbí?"

Mo ti kó owó náà sínú agolo mílíìkì, mo yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kù nínú èsúsú fún mi láti ná: 4,000.

Gbèsè tó kù: Ìyá Bushrah, ampúùlù kan, 2,400. N kò tíì san án.